Iṣẹ́ Sọ́mà ní Kánádà: Ta Ni Ìjọba Ń Fún Lówó?

Ní Kánádà, ìgbà tí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ni wọ́n ti ń ṣètò iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ máa ṣe nígbà ooru. Àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn kò sí níbẹ̀. Àwọn agbanisíṣẹ́ ló wà nídìí rẹ̀: akọ̀wé ìjọ kan ní Brampton, alábòójútó ilé àkójọ ohun àtijọ́ ní abúlé kan létí òkun ní Nova Scotia, ìyá tó ń ta áísìkiriìmù lẹ́bàá adágún. Láti oṣù kọkànlá títí ọdún yóò fi máa parí lọ, wọ́n á jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé lóṣù keje tó ń bọ̀, àwọn yóò nílò ọ̀dọ́ méjì, wákàtí báyìí lọ́sẹ̀, dọ́là báyìí ní wákàtí kan. Bí ìjọba àpapọ̀ bá fọwọ́ sí i, yóò bá wọn san lára owó náà. Ti àwọn míì, gbogbo rẹ̀ ni yóò san. Ọmọ tí iṣẹ́ náà máa bọ́ sí lọ́wọ́ ṣì wà nínú kíláàsì, kò mọ nǹkan kan.

Canada Summer Jobs ni wọ́n ń pe ètò yìí. Ọ̀pọ̀ òbí tó ń sọ Yorùbá ní Calgary, Winnipeg tàbí Brampton ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa ń rò ni pé ìjọba ló ń gba àwọn ọmọ síṣẹ́, pé èèyàn kàn máa kọ̀wé sí ìjọba, kí ìjọba sì dá a lóhùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba kì í gba ọmọ kankan síṣẹ́ nínú ètò yìí, kì í sì í fi kọ́bọ̀ lé ọmọ kankan lọ́wọ́. Agbanisíṣẹ́ ló ń fún lówó. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti yé èèyàn, ọ̀pọ̀ ohun tó ń rúni lójú nínú ètò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í là: ìdí tí iṣẹ́ fi pọ̀ ní àdúgbò kan tó sì wọ́n ní òmíràn, ìdí tí ọmọ tó dáńgájíá fi lè máà rí nǹkan kan, àti ìdí tí àwọn kan fi ń bi ara wọn bóyá owó náà ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ná an.

Ẹ wò ó báyìí. Agbára àti àkókò ni ọjà tí ọ̀dọ́ ń tà. Agbanisíṣẹ́ ni oníbàárà. Ọ̀dọ́ tí kò ṣiṣẹ́ rí kì í tètè rí oníbàárà, nítorí ẹni tó fẹ́ gbà á mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ máa lọ sórí kíkọ́ ọ níṣẹ́, àti pé nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá fi máa mọ́ ọn, ó ti ń múra àtipadà sílé ẹ̀kọ́. Ìjọba wá dúró ti àtẹ, ó ń bu ènì sí i, kí oníbàárà má baà kọjá lọ. Owó ìrànwọ́ yìí ni ènì náà. Ó ń mú kí ó rọrùn fún agbanisíṣẹ́ láti gba ọ̀dọ́, láìjẹ́ pé owó tí ọ̀dọ́ fúnra rẹ̀ ń gbà dín kù.

Ọ̀rọ̀ àkókò náà wà níbẹ̀. Yunifásítì máa ń parí sáà ní ìparí oṣù kẹrin, ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìparí oṣù kẹfà, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í wọlé padà títí dìgbà tí Ọjọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ bá kọjá, èyí tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án. Láàárín ìgbà yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ á tú jáde sórí ọjà iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òótọ́ ni pé àsìkò yẹn náà ni iṣẹ́ oko, iṣẹ́ ilé ìtura àti iṣẹ́ bíbójú tó àwọn ọmọdé tó wà ní holidé máa ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kì í fìgbà gbogbo tó. Ní ti oṣù karùn-ún ọdún 2025, Statistics Canada, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba, kéde pé nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá iṣẹ́ tàbí tó ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ní in lọ́kàn láti padà sílé ẹ̀kọ́, ìdá 20.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ríṣẹ́. Ẹnì kan nínú márùn-ún nìyẹn. Yàtọ̀ sí ọdún 2020 tí àrùn kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, oṣù karùn-ún kankan kò burú tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2009 títí di ìgbà náà.

Ètò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2007, nígbà ìjọba Stephen Harper, ni wọ́n sọ ọ́ ní Canada Summer Jobs, tí ó rọ́pò irú rẹ̀ mìíràn tó ti wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Justin Trudeau gbàjọba, wọ́n sọ iye iṣẹ́ náà di ìlọ́po méjì láti ọdún 2016, ó sì tó nǹkan bí 70,000 lọ́dún. Títí di ọdún 2018, akẹ́kọ̀ọ́ tó máa padà sílé ẹ̀kọ́ nìkan ló lè ṣe é. Láti 2019 ni wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ fún ọ̀dọ́ yòówù tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá wà láàárín 15 sí 30, ìbáà máa lọ sílé ẹ̀kọ́, ìbáà má lọ. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ìdàgbàsókè àwùjọ, tí wọ́n ń pè ní ESDC, ló ń darí rẹ̀, Service Canada ni àwọn agbanisíṣẹ́ sì ń bá ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣí ìwé ìṣirò, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ìjọba pín àwọn agbanisíṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn àjọ tí kì í ṣiṣẹ́ fún èrè wà: ìjọ, ẹgbẹ́ àdúgbò, ilé àkójọ ohun àtijọ́, ẹgbẹ́ eré ìdárayá. Àwọn iléeṣẹ́ gbogboogbò wà, irú bí ìjọba ìlú tàbí ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn aládàáni, ṣùgbọ́n kìkì èyí tí òṣìṣẹ́ alákòókò kíkún rẹ̀ ní gbogbo Kánádà kò bá ju 50 lọ. Àjọ tí kì í ṣiṣẹ́ fún èrè lè gba gbogbo owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ tí òfin ìpínlẹ̀ náà là sílẹ̀, àti owó tí òfin ní kí agbanisíṣẹ́ san lórí òṣìṣẹ́: owó ìfẹ̀yìntì, owó adójútòfò àìríṣẹ́, owó ìsinmi àti irú wọn. Àwọn méjì tó kù kò lè gbà ju ìlàjì owó tó kéré jù lọ náà lọ, kò sì sí ti owó ìfẹ̀yìntì àti adójútòfò nínú tiwọn; àwọn fúnra wọn ni yóò gbé e.

Ní Ontario, láti oṣù kẹwàá ọdún 2025, owó tó kéré jù tí èèyàn lè san fún òṣìṣẹ́ ni dọ́là 17.60 ní wákàtí kan. Ká ní ẹgbẹ́ àdúgbò kan ní Brampton fẹ́ gba ọ̀dọ́bìnrin kan tí yóò máa bójú tó àwọn ọmọ kéékèèké nínú ẹgbẹ́ eré ìgbà holidé, wákàtí 35 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Wákàtí 280 nìyẹn, tó já sí dọ́là 4,928. Ìjọba lè san gbogbo rẹ̀, kó tún san ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fún owó ìsinmi, ìyẹn dọ́là 197 àti díẹ̀, kó tó wá kan àwọn owó yòókù tí òfin ní kí agbanisíṣẹ́ san. Ohun tí iṣẹ́ ọmọ yìí ná ẹgbẹ́ náà kò ju ìwé tí wọ́n kọ àti ẹni tó ń wo ọmọ náà níbi iṣẹ́ lọ.

Ìyá tó ń ta áísìkiriìmù lẹ́bàá adágún ńkọ́? Aládàáni ni, òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló ní. Ó mọ̀ pé bí òun bá san 17.60, àwọn ọmọ tó mọ iṣẹ́ á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, nítorí náà ó fẹ́ san dọ́là 20. Fún wákàtí 280, ó di dọ́là 5,600. Ìlàjì ni ìjọba máa bá a san, àmọ́ kì í ṣe ìlàjì 20 ọ̀hún. Ìlàjì 17.60 ni, ìyẹn 8.80. Dọ́là 2,464 ni ìjọba dá padà fún un, dọ́là 3,136 ló jáde lápò tirẹ̀. Wákàtí kan iṣẹ́ ọmọ náà wá di dọ́là 11.20 fún un. Bí ó bá jẹ́ Alberta ló wà, níbi tí owó tó kéré jù ti wà ní dọ́là 15 láti ọdún 2018, 7.50 péré ni ìlàjì rẹ̀. Bó sì ṣe wù kó rí, "kò gbọdọ̀ ju báyìí lọ" ni ìjọba máa ń kọ. Wọ́n lè fọwọ́ sí ọmọ kan nínú méjì tó béèrè, tàbí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nínú méjìlá. Òfin gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́rìndínlógún, wákàtí 30 sí 40 lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló wọ́pọ̀.

Ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò ní rí orúkọ ìjọba kankan lórí ìwé owó rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ló ń sanwó fún un bíi ti òṣìṣẹ́ èyíkéyìí, yóò yọ owó adójútòfò àìríṣẹ́ kúrò níbẹ̀, yóò sì yọ owó ìfẹ̀yìntì bí ọmọ bá ti pé 18. Òfin iṣẹ́ tó ń dáàbò bo ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún ló ń dáàbò bo òun náà. Mo sọ èyí nítorí àwọn ọ̀gá kan wà tó máa ń sọ fún ọmọ pé owó ìjọba ni, torí náà kó fara da á. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ta ló lè ṣe iṣẹ́ náà? Ọjọ́ orí 15 sí 30 lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní SIN, nọ́ńbà tí ìjọba àpapọ̀ ń fún ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Kánádà, kó sì jẹ́ èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló kan ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Kánádà, tàbí kó ní PR, ìyẹn ìwé ìgbélùú títí láé, tàbí kó jẹ́ ẹni tí ìjọba ti fún ní ààbò gẹ́gẹ́ bí olùwá-ibi-ìsádi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ìwé àṣẹ ìkàwé wá láti Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ kò sí nínú rẹ̀, bí ìwé náà tilẹ̀ fún un láyè láti ṣiṣẹ́. Ó lè ṣe iṣẹ́ sọ́mà tó bá wù ú lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ yòówù, ṣùgbọ́n kò lè jókòó sórí àga tí ìjọba ń san owó rẹ̀. Bí agbanisíṣẹ́ bá gbà á síbẹ̀ láìmọ̀, ìjọba kò ní dá owó náà padà fún un. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń béèrè ipò ìwé ìgbélùú nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí àwọn ọmọ wa fi máa ń rò pé wọ́n fẹ́ fojú kéré àwọn.

Ní Nàìjíríà, SIWES, ètò ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí àjọ ìjọba tó ń jẹ́ ITF bẹ̀rẹ̀ ní 1973, gba ọ̀nà òdìkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ibi tí yóò ti ṣe ìkọ́ṣẹ́ náà, tí wọ́n ń pè ní I.T., akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ni owó ìjọba wà fún. Ẹni tó bá ti SIWES dé Kánádà máa ń fi ojú yẹn wo Canada Summer Jobs, á máa wá fọ́ọ̀mù tí ọmọ máa kọ ránṣẹ́ sí ìjọba. Kò sí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan wà tí kò lè gba owó yìí bó ti wù kí wọ́n kọ̀wé tó: àwọn aṣòfin fúnra wọn, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àti ìjọba ìpínlẹ̀. Iṣẹ́ òṣèlú ẹgbẹ́ kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe nínú ilé agbanisíṣẹ́ fún agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, irú bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ kò lè lé òṣìṣẹ́ kan kúrò kí ẹ fi ọ̀dọ́ tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ dí àyè rẹ̀. Ti ọmọ ẹni, ó gba ìṣọ́ra: òfin kò ní kí èèyàn máà gba ọmọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde, kó sì lè fi hàn pé òun kò fi ojúsàájú mú un láàárín àwọn tó wá.

Ibi tí mo rò pé ètò náà ti yàtọ̀ sí ti orílẹ̀-èdè míràn ni bí wọ́n ṣe ń pín owó náà. Wọn kì í kó gbogbo ìwé jọ sí Ottawa kí wọ́n máa mú èyí tó dára jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pín owó fún, 343 ni wọ́n láti ìdìbò ọdún 2025. Bí ọ̀dọ́ aláìníṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe pọ̀ tó ní ẹkùn kan ni ìpín rẹ̀ ṣe máa tó. Inú ẹkùn náà ni àwọn agbanisíṣẹ́ ti máa du owó pẹ̀lú ara wọn. ESDC á fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní máàkì: ṣé ibi iṣẹ́ náà kò léwu? Ṣé ẹnì kan wà tó máa kọ́ ọmọ náà níṣẹ́? Ṣé owó náà ju èyí tó kéré jù lọ? Ṣé ó bá ohun tí ẹkùn yẹn ń fẹ́ lọ́dún yìí mu? Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi orúkọ àwọn tó yege han aṣòfin ẹkùn náà kó sọ tẹnu rẹ̀. Aṣòfin kọ́ ló ń fọwọ́ sí i níkẹyìn, ESDC ni. Síbẹ̀, ẹ ó rí aṣòfin tó ń ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ nínú t-shirt aláwọ̀ ewé lóṣù keje. Fọ́tò yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ètò náà pẹ́ láyé, torí kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀.

Èyí túmọ̀ sí pé ìwé tó gba máàkì kan náà lè yege ní ẹkùn kan, kó sì já bọ́ ní èkejì. Ìjọ tó wà níbi tí ẹgbẹ́ àdúgbò ti pọ̀ bí omi, níbi tí olúkúlùkù ti mọ ìwé í kọ, ní iṣẹ́ púpọ̀ níwájú. Ẹgbẹ́ tó wà ní ìgbèríko tí kò sẹ́ni tó ń kọ̀wé lè rí owó gbà pẹ̀lú wàhálà tó kéré.

Owó ìjọba kì í sì í dé láìsí àdéhùn. Ní ìparí ọdún 2017, nígbà tí Patty Hajdu jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ìjọba ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ owó ọdún 2018 fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ náà, àti ohun tí àjọ náà dúró lé lórí gan-an, bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, títí kan ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìbímọ. Oyún ṣíṣẹ́ wà nínú ìyẹn, gbogbo ayé sì mọ̀. Àwọn Kátólíìkì, àwọn ajíhìnrere, àwọn Mùsùlùmí àti àwọn Júù para pọ̀ láti sọ pé àwọn kò lè fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ àwọn ìjọ wọ̀nyí ló ń ṣe ẹgbẹ́ eré ọmọdé, tó ń bọ́ aláìní, tó ń gba àwọn àjèjì lálejò. Ọ̀pọ̀ ìwé ni wọ́n dá padà lọ́dún náà. Ní 2019, wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà: ohun tí àjọ gbà gbọ́ kò kan ìjọba mọ́, ohun tí wọ́n máa fi owó náà ṣe ló kàn án. Ní tèmi, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó bá di oṣù kẹrin, ìdáhùn á máa dé. Agbanisíṣẹ́ tó yege á fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, iṣẹ́ náà á sì bọ́ sórí Job Bank, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba fi ń kéde iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́ ti kọ́kọ́ wọ ọ̀rọ̀. Ó máa kọ̀wé sí agbanisíṣẹ́ tààrà, wọ́n á fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n á gbà á tàbí kí wọ́n má gbà á, bí ibi iṣẹ́ yòówù. Bí wọ́n bá gbà á, òun àti ọ̀gá rẹ̀ á jọ fọwọ́ sí ìwé tó ń lọ sọ́dọ̀ Service Canada, tí nọ́ńbà SIN rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn iṣẹ́ náà máa ń wà láàárín nǹkan bí ìparí oṣù kẹrin sí ìparí oṣù kẹjọ. Tí wọ́n bá parí, agbanisíṣẹ́ á kó ìwé owó tó san jọ, á fi béèrè owó rẹ̀. Bí ìwé bá sọnù, owó sọnù. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí akápò wọn ń fi ìfẹ́ ṣiṣẹ́ ló sábà máa ń kó sínú èyí.

Ṣé ètò náà wá ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe? Ìbéèrè tó yẹ ká béèrè kì í ṣe iye ọ̀dọ́ tó ṣiṣẹ́. Ìbéèrè náà ni iye iṣẹ́ tí kì bá tí sí bí kì í bá ṣe ti owó náà. Bí ìyá onáísìkiriìmù bá ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé òun máa gba ọmọ méjì, tí ìjọba wá bu ènì fún un, ọmọ méjì náà ni yóò gbà, ènì náà á sì wọ àpò rẹ̀. Inú àwọn aládàáni ni mo ti ń wo ewu yìí, kò sì yà mí lẹ́nu pé ìlàjì ni wọ́n fún wọn. Ti ilé àkójọ ohun àtijọ́ létí òkun yàtọ̀. Irú ibẹ̀ kò lówó tó máa fi gba ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sí ọ̀dọ́ tí ìjọba ń sanwó rẹ̀, ilẹ̀kùn lè máà ṣí nígbà ooru, àwọn àlejò á dúró síta ka àkọlé ara ògiri, wọ́n á sì wọ mọ́tò lọ. Níbẹ̀, owó náà ń bí iṣẹ́ ní ti gidi.

Àmọ́ ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé owó ọ̀hún, ewu rẹ̀ kò kéré. Ní ọdún 2020, nítorí kòrónà, ìjọba gba gbogbo agbanisíṣẹ́ láyè láti gba owó tó kéré jù lọ náà lódindi, wọ́n sì jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ títí di oṣù kejì ọdún 2021. Ní 2022, iye iṣẹ́ wà ní nǹkan bí 140,000. Ní 2023, ó padà sí 70,000. Ẹgbẹ́ tó ti mọ́ lára láti gba ọmọ mẹ́rin rí méjì gbà. Ní 2025, wọ́n fi nǹkan bí 6,000 kún un, ètò ìsúná tí wọ́n sì kà nínú oṣù kọkànlá ọdún yẹn sọ pé owó wà fún nǹkan bí 100,000 iṣẹ́ ní 2026. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè fi irú nọ́ńbà tó ń gòkè tó ń sọ̀ báyìí ṣètò ọdún mẹ́ta.

Ọ̀nà míràn wà láti bu ènì: ìjọba lè fún ọmọ ní ìwé kan, kó mú un káàkiri, kó máa sọ fún agbanisíṣẹ́ pé, "Bí ẹ bá gbà mí, ìjọba á san díẹ̀ padà fún yín." Ó dára létí. Wọ́n dán irú rẹ̀ wò ní Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ní 1980 sí 1981, kì í ṣe pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ nìkan, pẹ̀lú àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba ni. Gary Burtless, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ṣe àlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1985. Nínú àwọn tó mú ìwé náà dání, nǹkan bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún ló ríṣẹ́. Nínú àwọn tí wọn kò fún ní nǹkan kan, ó lé ní 20. Àlàyé tí Burtless rí fún un ni pé agbanisíṣẹ́ rí ìwé ọ̀hún, ó sì rò pé ó ní ohun tó ń ṣe ẹni tó mú un wá. Ẹni tó bá rí i tí ènì pọ̀ jù lórí àtẹ, á kọ́kọ́ fi imú gbóòórùn ọjà náà.

Canada Summer Jobs kò kó sínú ìyẹn, nítorí àyè iṣẹ́ ni owó rẹ̀ so mọ́, kò so mọ́ orí ọmọ kankan. Ọmọ tó wọlé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò gbé àmì kankan lọ́wọ́. Ohun tí ó ná an ni pé kò sí ohun tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti mú owó náà wá sí àdúgbò rẹ̀. Bí kò bá sí àgbàlagbà tó kọ̀wé nígbà yìnyín, kò sí iṣẹ́ nígbà ooru.

Àǹfààní tó ṣe kedere jù lọ tí àwọn olùwádìí rí nínú iṣẹ́ sọ́mà fún ọ̀dọ́ kò tiẹ̀ sí nínú owó. Ní Chicago, Sara Heller tẹ̀ lé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama láti àdúgbò tí ìwà ipá ti pọ̀, tí wọ́n fi ìbò mú sínú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ní 2012. Nínú ìwádìí tó gbé jáde ní 2014, iye ìgbà tí wọ́n mú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ìwà ipá fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín oṣù mẹ́rìndínlógún, ìyàtọ̀ náà sì hàn jù lọ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Ní New York, níbi tí wọ́n ti ń fi ìbò yan àwọn ọmọ fún iṣẹ́ sọ́mà, ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2016 rí i pé àwọn tó wọlé kò fi bẹ́ẹ̀ rówó ju àwọn tí kò wọlé lọ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó lọ sẹ́wọ̀n àti àwọn tó kú nínú wọn kéré. Ètò náà fúnra rẹ̀ ló ń san gbogbo owó níbẹ̀, agbanisíṣẹ́ kọ́, nítorí náà kì í ṣe ohun kan náà pátápátá pẹ̀lú ti Kánádà. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń fi owó tí ọmọ gbà nìkan díwọ̀n irú ètò yìí ń wo ibi tí kò yẹ.

Fún àwọn ẹgbẹ́ wa ní Kánádà, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìjọ àti mọ́sálásí tó ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àjọ tí kì í ṣiṣẹ́ fún èrè, ojúlé tí wọ́n ń pè ní GCOS ni wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù náà, àkáǹtì ibẹ̀ sì máa ń gba àkókò kó tó ṣí. Kí akọ̀wé má dúró dìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n máa tì í. Iṣẹ́ tí ẹ bá kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́: kíláàsì Yorùbá fún àwọn ọmọdé nígbà holidé lè gba máàkì, "kó máa ran pásítọ̀ lọ́wọ́" kò ní gbà á. Fún òbí tó ń wá iṣẹ́ fún ọmọ ọdún 15, SIN ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà fún un, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ọjọ́ orí yẹn kò tíì ní in. Lẹ́yìn náà, láti oṣù kẹrin, kí ó máa wo Job Bank, kó fi orúkọ ìlú rẹ̀ wá a, kó sì máa padà síbẹ̀ títí di oṣù keje, nítorí àwọn agbanisíṣẹ́ kan kì í tètè rí ẹni gbà, àwọn míì sì wà tí iṣẹ́ wọn kì í bẹ̀rẹ̀ títí ilé ẹ̀kọ́ girama á fi parí.